Jẹjẹrẹ ọyàn, iṣẹ́ ilé àti àtúnṣe àga àtijọ́: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Láti ìgbà tí mo ti ń tún àga àti tábìlì àtijọ́ ṣe lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn, oríṣi ìbéèrè méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ mi: ti igi, àti ti ara. Àwọn tó ń béèrè kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, èmi náà kò ní yà wọ́n. Wọ́n gé ọyàn mi òsì, mo gba kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, mo gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó o, mo sì ṣì ń lo oògùn di òní. Ọkọ àti ọmọ mẹ́ta ń bẹ nílé. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohunkóhun tí mo bá sọ nípa ara níbí, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín kí ẹ tó ṣe é, torí irú jẹjẹrẹ kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ètò kan ṣoṣo ni mo ń tẹ̀ lé: ara ló ṣáájú, ará ilé ló tẹ̀ lé e, àga ló kẹ́yìn. Àga tó ti wà lẹ́yìn ilé fún ogún ọdún lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ètò yẹn ló dúró lé.

Ṣé iṣẹ́ àga kò léwu fún ẹni tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀?

Ewu wà nínú apá kan rẹ̀. Eruku, òórùn ọ̀dà, gbígbé ẹrù tó wúwo àti irin mímú ni ewu tó wà níbẹ̀, màá sì sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n kí ara máa mì díẹ̀díẹ̀, ohun tí àwọn dókítà fẹ́ nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán wákàtí méjì àbọ̀ lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀, wọ́n sì ka àwọn tó ti la jẹjẹrẹ kọjá mọ́ ọn. Ẹni tó ń nu tábìlì, tó ń rìn yí i ká, tó ń tẹ̀, tó ń dìde, ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Èmi gbà pé ó sàn ju kéèyàn jókòó ti fèrèsé kó máa ronú lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ rọ́bà tó ń fa omi ojú ọgbẹ́ ná, kí ojú ọgbẹ́ sì jinná. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kí èèyàn má gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹran ara ibòmíràn tún ọyàn ṣe. Ẹrù wúwo yẹn kì í ṣe wọ́dúróòbù nìkan o. Kẹ́ẹ̀gì omi tó kún wà níbẹ̀, àpò ìrẹsì wà níbẹ̀, ọmọ tó ti ń rìn tó ń sunkún pé kí ẹ gbé òun náà wà níbẹ̀. Ẹ jókòó, kí wọ́n gbé ọmọ náà lé yín lẹ́sẹ̀.

Eré ìdárayá ejìká tí wọ́n kọ́ yín ní ọsibítù ni iṣẹ́ yín lákòókò yìí: kí ẹ máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí ejìká, kí ẹ máa na apá dé ibi tó ti ń fà, kí ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é, ejìká rẹ̀ á gan. Bẹ́ẹ̀, nígbà ìtànṣán, wọ́n á ní kí ẹ gbé apá lé òkè orí kí ẹ sì fi síbẹ̀ láìmì. Nígbà tí dókítà bá ti ní ó yá, ẹ fi ọ̀dà kíkùn bẹ̀rẹ̀, lórí ohun kékeré tí ẹ gbé ka tábìlì. Fífi sáńpépà ha igi gba agbára apá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó dúró.

Wọ́n yọ kókó abíyá mi. Ṣé mo ṣì lè lo òòlù àti ayùn?

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Àwọn kókó inú abíyá ló ń bá apá dá omi ara padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá yọ wọ́n, tàbí tí ìtànṣán bá bà wọ́n, omi lè dúró sínú apá, kí apá sì wú. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ rí lè má ju pé òrùka ò wọlé mọ́, tàbí pé ọwọ́ bùbá fún ẹ lápá kan. Ẹ má dúró kó pọ̀ kí ẹ tó sọ. Àwọn onífisiọ́, tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ní ìbọ̀pá tó ń fún apá mọ́ra.

Wọn kì í ní ká má lo apá náà mọ́ títí ayé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ká máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kejì lu òòlù bó bá ṣeé ṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nípọn ní gbogbo ìgbà, torí ọgbẹ́ kékeré ni àìsàn máa ń gbà wọ apá yẹn. Bí ẹ̀gún igi bá gún yín, ẹ yọ ọ́, ẹ fọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí apá bá pọ́n, tó gbóná, tó ń ro yín, tí ibà sì bá a wá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo bá ń gba kímò ńkọ́?

Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí wọ́n fa kímò sí yín lára, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àìsàn máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn oògùn kan yàtọ̀, ẹ béèrè tiyín. Lásìkò yẹn, ẹ jìnnà sí àga tó ti hu ọ̀hú nínú yàrá ẹrù, ẹ jìnnà sí eruku, kí ẹlòmíràn bá yín gbá ilẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà. Bó bá ti kan 38, ọsibítù tààrà ni, ì báà jẹ́ òru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ibà lásán ni kí ẹ wá lọ ra oògùn màláríà ní kẹ́míìsì. Ẹ má sì fi paracetamol pa ooru náà kí ẹ tó pe àwọn dókítà yín, torí á bo àìsàn mọ́lẹ̀. Èmi ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi: nílẹ̀ wa, a ti mọ ibà mọ́ra débi pé a kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ibà ẹni tó ń gba kímò yàtọ̀.

Àwọn kímò bíi paclitaxel àti docetaxel tún máa ń mú kí ìka ọwọ́ kú tipiri. Ẹni tí kò mọ̀ ìgbà tí irin kan òun lára kò gbọ́dọ̀ mú bíléèdì. Nígbà yẹn, èmi kàn ń yan aṣọ ni, mo ń ya àwòrán ohun tí mo fẹ́ ṣe sínú ìwé. Iṣẹ́ náà ni.

Ọ̀dà wo àti eruku wo ló yẹ kí n sá fún?

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ìdáhùn yìí, pàápàá àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé.

Àkọ́kọ́ ni òjé. Òjé pọ̀ nínú ọ̀dà àtijọ́. Lọ́dún 2021 ni NAFDAC ṣe òfin pé òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Òfin yẹn kò kan ọ̀dà tí wọ́n ti kùn sára bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà kí ẹ tó bí àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá fi sáńpépà gbígbẹ ha á, òjé á di eruku, ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kó o sẹ́nu, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rẹ sáńpépà tó lè gba omi, ẹ máa fi tútù ha á, ẹ fi àkísà tútù nu ún, kí ẹ sọ àkísà náà nù sínú ọ̀rá. Ìta ni kó ti jẹ́, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé e wọ ilé. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Bí ọ̀dà náà bá ti ń ṣí fúnra rẹ̀ lára bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ń sùn lé, ẹ má tún un ṣe, ẹ gbé e kúrò nílé.

Ìkejì ni eruku igi. Àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ti imú ní pàtàkì. Ti ìrókò tún burú fún awọ ara àti èémí: á máa yún èèyàn, á máa mú un wúkọ́. Ìbòmú N95 ni kí ẹ lò, aṣọ tí a dì mọ́ imú kò tó.

Ìkẹta ni omi tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà. Ẹ ka ara agolo rẹ̀. Bí ẹ bá rí methylene chloride, ẹ dá a padà. Láti 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má ta omi ìbó-ọ̀dà tó ní in fún ará ilé mọ́, torí ó ti pa àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń bó ọ̀dà.

Kí wá ni ká ṣe? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ kò nílò láti bó ọ̀dà rárá. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọ̀rá àti ìdọ̀tí kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sáńpépà tútù ha á fẹ́rẹ́, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀dà olómi kùn ún. Ọ̀dà olómi kò ní òórùn bíi ti elépo, kò nílò tínà, omi lásán sì ni ẹ óò fi fọ bùrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi fánííṣì olómi bò ó kó lè pẹ́. Nígbà kímò, òórùn tínà nìkan tó láti mú èèyàn bì.

Ibo lẹ ti ń rí àga olówó pọ́ọ́kú?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó kúrò nílé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń jápa tí wọ́n ń ta gbogbo ẹrù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń pààrọ̀ àga, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí oníbàárà gbé iṣẹ́ fún tí kò padà wá. Ilé ẹbí náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tọrọ lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó fọwọ́ kan án. Àga tí ẹ rí bí ògbólógbòó, ó lè jẹ́ orí rẹ̀ ni bàbá ti ń parí ìjà ẹbí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ìyẹ̀fun igi wẹ́wẹ́ bá ń dà láti ara ihò kéékèèké, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Bí ilà amọ̀ bá gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè, ikán ni. Ẹ fi ọwọ́ lu igi: tó bá dún bí ohun tó ṣófo, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ìránpọ̀ fóòmù bóyá ìdun wà. Ẹ má ra èyí tí ikán ti jẹ pẹ̀lú èrò pé ẹ óò da oògùn sí i, oògùn ikán kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú ara máa fà símú. Ọ̀gànwó, ìrókò àti tíìkì wúwo, wọ́n sì tọ́ kéèyàn ṣe wàhálà lé lórí. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀, bí omi bá ti wọ̀ ọ́ tó sì ti wú, kò ní àtúnṣe.

Ẹni tó tà á ni kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ fi ìyẹn sínú owó tí ẹ ń dù.

Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Àga ìjẹun kan. Kì í ṣe mẹ́fà, ọ̀kan. Irú èyí tí ìjókòó rẹ̀ ṣeé tú. Ó dára fún ẹni tó rẹ̀, torí apá kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ sì lè dá a dúró níbikíbi láìjẹ́ pé nǹkan bàjẹ́.

Ẹ dojú àga délẹ̀ lórí tábìlì, ẹ fi sukudiráífà tú ìṣó onílà mẹ́rin tó de ìjókòó mọ́ ọn, ẹ kó wọn sínú ife kí wọ́n má sọnù. Ẹ yọ àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ tó mú aṣọ. Àtijọ́ ni wọ́n, wọ́n sì mú, nítorí náà ìbọ̀wọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́. Ẹ má ju aṣọ àtijọ́ yẹn nù, òun ni ẹ óò fi wọn tuntun. Ẹ sọ fóòmù nù bó bá ti fọ́ tàbí tó ń rùn. Fóòmù tó le, tó ga tó sẹ̀ńtímítà márùn-ún, ni kí ẹ fi rọ́pò.

Ẹsẹ̀ àga ló kàn. Ẹ fọ ọ́, ẹ sá a, kó gbẹ dáadáa. Sáńpépà nọ́ńbà 120 ló kọ́kọ́, 220 ló tẹ̀ lé e, ní tútù bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rẹ̀. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dára ju èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ, ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ láàárín méjèèjì. Bó tilẹ̀ gbẹ lọ́wọ́, kò tíì le nínú, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Fún aṣọ, èmi fẹ́ràn aṣọ òkè tó kù láti ayẹyẹ àtijọ́, torí ó nípọn, kì í sì í tètè gbó. Aṣọ kọ́tìnì náà dára. Àńkárá fẹ́lẹ́, ẹ fi aṣọ míràn tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ àdìrẹ aláró ni, ẹ fọ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ aró á mọ́ àlejò láṣọ funfun. Ẹ gé aṣọ kó fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá ju fóòmù lọ yípo. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn, kí ẹ máa fà á dọ́gba, igun ló kẹ́yìn. Ìbọn ìkànṣó, tó ń ta ìṣó wẹ́wẹ́ mọ́ igi, gba agbára ọwọ́ púpọ̀. Ní ilé tiwa, ọmọ mi ọkùnrin ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń fa aṣọ, a sì máa ń sọ̀rọ̀ tí a kì í rí àyè sọ nígbà mìíràn.

Agbára mi kì í pé. Báwo lẹ ṣe ń pín ọjọ́?

Àárẹ̀ jẹjẹrẹ kì í tán nítorí pé èèyàn sùn. Ó lè wà lára fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsùn lè wà nídìí rẹ̀.

Èmi ń mú ohun kan ṣoṣo lójúmọ́ tó gbọ́dọ̀ di ṣíṣe. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìpàdé òbí níléèwé, kò sí àga lọ́jọ́ náà. Òwúrọ̀ ni agbára mi wà, nítorí náà n kì í fi òwúrọ̀ fọ abọ́. Mo ń gbàgbé nǹkan gan-an lẹ́yìn kímò, ìwé kékeré kan wà lápò mi tí mo ń kọ gbogbo ohun sí, títí kan ìdúró ọ̀dà: ìgbà tí mo kun ti àkọ́kọ́, ìgbà tí ti kejì yóò yá.

Báwo ni kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ?

Ẹ pe àrùn náà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ pé kì í ràn, wọ́n lè jẹun nínú abọ́ yín, wọ́n lè sùn tì yín. Ẹ sọ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe ló fà á. Ọmọdé máa ń rò bẹ́ẹ̀ láìsọ. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé irun yóò já. Bí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ óò kú, ẹ má búra. Ẹ lè sọ pé àwọn dókítà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, pé ohun tó bá yí padà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò sọ fún wọn.

Ẹ fún wọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ pín in dáadáa. Mo rí i nínú ilé púpọ̀ pé bí ìyá bá ti dùbúlẹ̀, ọmọbìnrin àgbà ló máa ń di ìyá: á se oúnjẹ, á fọṣọ, á fún àbúrò ní wẹ̀, ìwé rẹ̀ á sì máa lọ sẹ́yìn. Kò tọ́. Ọmọkùnrin lè gbálẹ̀, ó lè gún iyán, ó lè fọ aṣọ. Bàbá wọn náà lè se ẹ̀bà.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ẹ̀rù ń bà tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ẹ má sọ pé “o ò ràn mí lọ́wọ́.” Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́: kó bá yín lọ gba àbájáde àyẹ̀wò lọ́jọ́ Tuesday, kó máa mú àbíkẹ́yìn wálé láti iléèwé. Ní ti yàrá, ojú àpá náà ń fẹ́ àkókò lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Kímò àti oògùn tó ń dín họ́mọ́ọ̀nù kù tún lè mú kí ojú ara gbẹ. Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè lò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní kí n jókòó, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mi ò fẹ́ rí bí aláìgbọràn.

Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fún màmá ní ohun tí wọ́n lè ṣe: ọbẹ̀, títọ́jú ọmọ kékeré, gbígbàlejò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Àlejò tó ń wá kíni lè pọ̀ débi pé aláìsàn kò ní rójú sùn, màmá nìkan ló lè sọ fún ẹbí pé “ó ń sùn, ẹ padà wá” láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bínú. Ẹ wá jẹ́ kí ọkọ yín ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé dókítà ló ní kí ẹ máa mira.

Ṣé ó yẹ kéèyàn máa náwó lórí àga nígbà tí ìtọ́jú ń jẹ owó?

Ẹ ya owó àga sọ́tọ̀ kúrò lára owó oògùn, kí ti oògùn sì kọ́kọ́ pé. N kì í ra àga mìíràn títí èyí tó wà nílẹ̀ á fi parí. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ ni pé àga ìjẹun tiwa ti fọ́, a kò sì lè ra tuntun.

Fún ìtọ́jú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn sóṣà wẹ́fíà ọsibítù nípa Cancer Health Fund, owó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tí kò ní, tó kan jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti próstéètì. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ń ṣe é. Òfin 2022 ti sọ ètò ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn, bí Ìlera Èkó. Ẹ béèrè ohun tó ń san àti ohun tí kò ní san kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìtànṣán máa ń jẹ́ ojoojúmọ́, Monday sí Friday, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí náà owó mọ́tò àti ibi tí èèyàn máa sùn wúwo fún ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, tàbí sí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Èkó lọ́dún 2019. Ẹ wá ẹbí tó ń gbé nítòsí kí ọjọ́ náà tó pé.

Wọ́n ní kí n fi àgbo kún un. Ṣé kò burú?

Ẹ má lò ó láìsọ fún dókítà. Àwọn egbò àti ewé kan máa ń ba oògùn jà nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ má sì dá ìtọ́jú dúró nítorí rẹ̀. Mo ti sin ọ̀rẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe ọyàn àtọwọ́dá tí màá fi sí kọ́mú?

Èyí ni iṣẹ́ fóòmù tó wúlò jù lọ tí mo mọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tó fúyẹ́ tó sì rọ̀ ni kó jẹ́: ẹ gba ìwọ̀n ọyàn kejì sórí bébà, ẹ fi òwú rírọ̀ tàbí ògbólógbòó ìrọ̀rí kún aṣọ kọ́tìn tí ẹ rán bẹ́ẹ̀, kí ìránpọ̀ rẹ̀ kọjú síta kó má ha ojú àpá. Ẹ rán àpò pẹlẹbẹ sínú kọ́mú kó má baà yọ́ kúrò. Nígbà tí ara bá ti le, ẹ lè fi hóró ìrẹsì díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ kó ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ máa yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́.

Tamoxifen ń mú mi gbóná lóru. Ṣé mo lè dá a dúró?

Rárá, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń lò ó, òun ló ń dènà kí jẹjẹrẹ tó ń jẹ họ́mọ́ọ̀nù padà wá. Ẹ sọ fún dókítà, ọ̀nà wà láti dín ooru náà kù. Ẹ má lóyún nígbà tí ẹ bá ń lò ó, kí ẹ sì béèrè fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kò ní họ́mọ́ọ̀nù. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń ro yín, tàbí tí èémí bá ṣòro, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, ẹ lọ kíákíá.

Ṣé àwọn ọmọbìnrin mi yóò ní in?

Kì í ṣe dandan. Púpọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe àjogúnbá. Àmọ́, ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé jáde lọ́dún 2018, lára àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,100 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló jogún àbùkù nínú àwọn jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí, bíi BRCA1 àti BRCA2. Ọkùnrin náà lè gbé e, kó sì fún ọmọ rẹ̀. Bó bá ti mú ju ẹnì kan lọ nínú ẹbí yín, tàbí tó mú yín láìtíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ẹ bi dókítà nípa àyẹ̀wò náà. Ẹ sọ fún àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n yín. Bíbo ó mọ́ ẹbí ní àṣírí kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù máa ń bà mí tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ń bọ̀.

Èmi náà. Lọ́sẹ̀ yẹn n kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, èyí tí mo ti mọ̀ ní mo ń ṣe: mo ń fi òróró pa igi lára, mo ń kan ìṣó tó ti tú. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti là á kọjá náà máa ń ranni lọ́wọ́, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹgbẹ́ wọn wà ní ọsibítù yín. Ṣùgbọ́n bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ẹ kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ ṣe máa sọ pé apá ń ro yín. Ìtọ́jú wà fún un.

Ṣé mo lè sọ ọ́ di òwò?

Lẹ́yìn ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó parí, mi ò gbà á níyànjú. Oníbàárà tó ti sanwó kò ní mọ̀ pé kímò ni ẹ gbà lánàá.

Kí ni kí n ṣe sí ọ̀dà tó kù?

Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sẹ́bàá kànga. Ẹ dé e pinpin, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rà á sára rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Èyí tó bá kéré, ẹ fi kun àpótí ìjókòó ilé ìdáná. Tiwa ní àwọ̀ mẹ́ta lára, àwọn ọmọ ló yàn án, wọ́n sì ti ń bi mí pé ìgbà wo la máa kun ti ìyá àgbà.